Iná Iwájú Alùpùpù Tíṣà Olúbọ̀dé

Ní gbogbo Ọ̀dẹ̀dá, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa iná mànàmáná tó Olúbọ̀dé Adéṣínà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní fíísíìsì kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò jẹ ẹgba nítorí wáyà tó so ségesège. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń bá wọn tún makirofóònù ṣe. Bó bá ti fọwọ́ kàn án ni makirofóònù ń dákẹ́ pátápátá, síbẹ̀ wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé àgbà ìjọ ni.

Láti ọdún mẹ́ta tí Lois ìyàwó rẹ̀ ti kú, alùpùpù kékeré kan ló kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn. Kì í ṣe alùpùpù gan-an, ohun tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ ni. Ìlérí, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan n'Íkẹjà. Ní ìdájí, bàbá á gbé e lọ sí Kútọ̀ kó lè wọ ọkọ̀ Èkó. Tó bá di aago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, á ti dúró dè é ní gáréèjì. Láti Kútọ̀ dé Ọ̀dẹ̀dá, Ìlérí á máa da ọ̀rọ̀ sí i létí láti ẹ̀yìn: ohun tí ọ̀gá sọ, ohun tí ọ̀gá ì bá sọ ká ní ó lórí, ẹni tó jí ẹja ẹlẹ́ja jẹ nínú fíríìjì ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ti délé, ọmọ á jẹun, á sùn lọ. Ìsọ̀rọ̀ orí alùpùpù yẹn nìkan ni ìsọ̀rọ̀ tó kù nínú ilé Adéṣínà, òun sì ni bàbá ń tìtorí rẹ̀ jí láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ fún ẹnì kan.

Iná iwájú alùpùpù náà ló wá fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ti rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá tàn án, èèyàn ní láti ṣáná sí i kó tó mọ̀ bóyá ó tàn. Ní ọjọ́ Tuside kan, ṣáájú Òṣíẹ̀lẹ̀, bàbá àtọmọ já sínú kòtò kan gbì. Orúnkún bàbá bó. Gìgísẹ̀ bàtà Ìlérí dá, bàtà tó rà ní ọjọ́ Sátidé.

Ìlérí ò pariwo. Ó mú gìgísẹ̀ bàtà dání, ó ní, "Dádì, Moyọ̀sọ́rẹ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti rí yàrá kan ní Agége. Ó ní ká jọ gbà á. Bí oṣù yìí bá parí, mo máa kó lọ."

"Nítorí kòtò kan?"

"Nítorí iná, Dádì. Ẹ ò ríran, èmi náà ò ríran, ẹni tó ń bọ̀ níwájú ò sì rí wa. Mi ò fẹ́ kú sí Òṣíẹ̀lẹ̀."

"Kí ni Òṣíẹ̀lẹ̀ ṣe?"

"Dádì!"

Àyà bàbá já, ṣùgbọ́n tíṣà kì í jẹ́ káwọn ọmọ kíláàsì mọ̀ pé àyà òun já. Ó wúkọ́. "Fún mi lọ́jọ́ méjì. Wàá rí iná. Wàá rí iná títí wàá fi di ojú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ra iná mọ́tò ńlá méjì ní Ìbarà, ìkọ̀ọ̀kan tó àwo ìfọwọ́, ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ Tàófíìkì ní Kútọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí Tàófíìkì jẹ́ fún yín. Rewáyà ni, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà mọ́tò àti alùpùpù ṣe, kò sì sí rewáyà tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ láti Kútọ̀ títí dé Ọbáńtokò. Ṣùgbọ́n ní ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọ kíláàsì Tíṣà Olúbọ̀dé ni. Ó gba òdo nínú ìdánwò fíísíìsì, Tíṣà sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sínú káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ pé: Ọmọ yìí léwu fún iná mànàmáná. Bàbá Tàófíìkì kà á, ó nà án, ó ní kó wá iṣẹ́ tí kò ní iná nínú kọ́. Ẹ ti rí bó ṣe gbọ́rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu.

Bó ṣe tajú kán rí Tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó dà sílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà!"

"Dìde. So iná méjì yìí mọ́ alùpùpù mi."

Tàófíìkì gbé iná kan lọ́wọ́, ó wo alùpùpù, ó tún wo iná. "Sà, iná yìí tóbi o."

"Ojú rẹ ríran."

"Ẹ̀rọ yìí ló wá kéré, sà. Bí ẹrù ìyá bá wá dé orí ọmọ..."

"Tàófíìkì. Kí ni mo kọ sínú káàdì rẹ?"

Tàófíìkì wolẹ̀. "Pé mo léwu fún iná, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. So ó."

Bí ẹnì kan bá ń bi mí pé kí ló dé tí Tàófíìkì ò là á mọ́ bàbá lójú pé ohun tó fẹ́ ṣe kò dáa, a jẹ́ pé wọn ò bí ẹni náà sí Ẹ̀gbá. Ẹni tó ti na èèyàn lẹ́gba nítorí fíísíìsì, ta ni yóò sọ fún un pé kò mọ fíísíìsì? Ẹnu ò gbà á. Tàófíìkì so iná. Wọ́n tàn án, fíúsì jó. Wọ́n fi òmíràn sí i, òun náà jó.

"Yọ fíúsì dànù," ni Tíṣà wí. "So wáyà tààrà."

Tàófíìkì wo táǹkì epo, tó wà ní àárín itan ẹni tó bá gun alùpùpù. Ó wo Tíṣà. Ó ní, "Ó ti yé mi, sà. Ẹ lọ jókòó sí ibòji lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ mu mínírà tútù. Oòrùn yìí ti pọ̀ jù fún àgbà."

Nígbà tí Tíṣà fi máa mu mínírà tán, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n tan iná, ó mọ́lẹ̀ yòò lójú ọ̀sán gangan, obìnrin kan tó ń kọjá sì fi gèlè bojú, ó ṣépè. Inú Tíṣà dùn débi pé ó yin Tàófíìkì. Ó ní, "O ti ń gbìyànjú."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìlérí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí iná, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Bí wọ́n ṣe kúrò ní Kútọ̀ ni gbogbo ayé ń yà fún wọn. Àwọn onímọ́tò rò pé tírélà ló ń bọ̀. Ewúrẹ́ kan ní Ọbáńtokò dúró sójú títì, kò mọ ibi tí yóò gbà, bí ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn ká mọ́ ìta. Tíṣà ń fi ẹnu súfèé orin ìyìn.

"Dádì, mo gbà fún yín!" Ìlérí pariwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀gá rẹ̀.

Kò tíì sọ dé ìdajì tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó pọ́n bí ọsàn, ó wá pọ́n bí ẹyín iná ìdáná tí wọ́n gbàgbé. Tíṣà tẹ họ́ọ̀nù, họ́ọ̀nù dún bí òròmọdìẹ tó ní òtútù. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba imú wọn. Lẹ́yìn náà, nǹkan ṣe pà lábẹ́ ìdí Ìlérí, iná kú, ẹ́ńjìnnì kú, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ sì mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀? Iwájú kòtò ọjọ́ Tuside náà ni.

Wọ́n ti alùpùpù títí dé Ọ̀dẹ̀dá. Ìlérí ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù mọ́nà, bàbá ń tì í. Ìlérí ò bú u, kò rẹ́rìn-ín, kò parí ìtàn ọ̀gá. Èyí ló dun Tíṣà wọnú egungun. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Ó dàárọ̀, Dádì. Mo máa pe Moyọ̀sọ́rẹ lọ́la."

Bàbá ò sùn dáadáa. Ó ń ro bí ìrọ̀lẹ́ yóò ṣe rí nígbà tí kò bá sí ẹni tí òun ń lọ gbé ní Kútọ̀.

Nígbà tó di àárọ̀, Ìlérí wọ ọkọ̀ lọ, Tíṣà sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé alùpùpù padà sọ́dọ̀ Tàófíìkì. Tàófíìkì tún dọ̀bálẹ̀. Ó tú orí alùpùpù palẹ̀. Rọ́bà ara wáyà ti yọ́, wáyà ti lẹ̀ mọ́ra wọn.

"Ẹ̀bi wáyà ni, sà," ó sọ kíá. "Wáyà ayé òde òní ò dáa. Ẹ̀yin ò ṣe àṣìṣe kankan, sà."

Ó ṣí sììtì láti wo bátìrì. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti rí nǹkan kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì, tí inú rẹ̀ ti dúdú.

"Kí nìyí?"

Tàófíìkì fẹ́ pa sììtì dé padà.

"Mo ní kí nìyí? Ṣebí mo ní kó o yọ fíúsì?"

"Mo yọ ọ́, sà. Mo yọ ti iwájú." Ó ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Mo wá fi òmíràn tó lágbára díẹ̀ sábẹ́ sììtì nígbà tẹ́ ẹ ń mu mínírà. Ẹ dárí jì mí, sà. Mo rò ó pé tí wáyà bá yọ́ tó fẹnu kora, ó kéré tán, iná á kú kó tó kan epo. Mo rí i pé ẹ̀yin àti àǹtí lẹ jọ ń gùn ún."

Tíṣà fọwọ́ kan fíúsì tó jó náà. Ó wo táǹkì. Ó rántí ibi tí Ìlérí jókòó sí. Ẹ̀rù bà á gan-an, ẹ̀rù tí kò bà á lálẹ́ àná. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ti Tàófíìkì yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní olóògbé.

Ó bọ́ fìlà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọṣẹ́ ń jókòó sí, ó fa páálí bátìrì kan ya, ó yọ bírò. "Wáàtì mélòó ni kọ́ìlì tó ń pèsè iná nínú ẹ́ńjìnnì yìí lè mú wá?"

"Sà, ẹ má dààmú..."

"Mélòó?"

"Wáàtì ọgọ́rin, sà. Ìyẹn bó bá ń sáré. Bẹ́ ẹ bá ń rọra lọ, kò tó bẹ́ẹ̀."

Tíṣà kọ ọ́. Iná méjì, wáàtì márùndínlọ́gọ́ta lọ́nà méjì, àádọ́fà. Iná ẹ̀yìn àti èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ, ọgbọ̀n. Ó rò ó pọ̀: ogóje. Ó wo iye náà títí. Ọgọ́rin ló ń wọlé, ogóje ló ń jáde, bátìrì kékeré ló ń san ìyókù títí ó fi gbẹ. Ọmọ kíláàsì kìíní á rí i. Ó na páálí sí Tàófíìkì.

"Máàkì mi."

"Háà! Sà! Wọ́n á ní mo rí yín fín."

"Iṣẹ́ tí mo ṣe lánàá ni kó o máàkì, kì í ṣe ìṣirò yìí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gba bírò."

Ó pẹ́ kí Tàófíìkì tó gbà á. Ó kọ nǹkan sí i, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì yáa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíákíá kí wọ́n má baà bi í. Ó yọ iná ńlá méjèèjì àti wáyà tó jó kúrò, ó fi wáyà tuntun sí i. Ó fi pépà oníyanrìn ha ìpáàrà kúrò níbi tí wáyà ilẹ̀, èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì, ti fara kan irin. Ó pààrọ̀ àwo ẹ̀yìn iná, èyí tó ń ta ìmọ́lẹ̀ síwájú, nítorí ó ti di dúdú. Lẹ́yìn náà, ó mú gílóòbù LED kékeré kan jáde, wáàtì méjìdínlógún péré, ó so ó mọ́ bátìrì gba inú fíúsì, ó sì yí orí iná wálẹ̀ díẹ̀ kó lè máa wo títì dípò ojú aráyé.

"Kékeré yìí?" ni Tíṣà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Tàófíìkì wí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi kún un pé ẹ má bínú.

Tíṣà yí páálí sókè. Òdo ni Tàófíìkì kọ sí i, ó rọra kọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí òdo gbọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ tíṣà sí: Yóò ṣe dáadáa bó bá ń fetí sílẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ká páálí náà, ó fi í sínú àpò àyà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìlérí wo iná kékeré náà, ó yínmú, ṣùgbọ́n ó gun ẹ̀yìn. Iná náà là sójú ọ̀nà, ó funfun, kò gbọ̀n. Wọ́n rí gbogbo kòtò kí kòtò tó rí wọn. Bàbá sáré gba Ọbáńtokò kọjá, ó fi kòtò ọjọ́ Tuside sílẹ̀ sápá òsì. Ìlérí bẹ̀rẹ̀ ìtàn: ọ̀gá rí ẹni tó ń jí ẹja jẹ, ó fi kámẹ́rà mú un, ẹ ò sì lè mọ ẹni tó jẹ́...

Alùpùpù dúró. Géètì ilé wọn ló wà níwájú.

"A ti dé?" ni Ìlérí wí.

"A ti dé."

"Mi ò tíì sọ ibi tó dùn!"

Ní ọdún méjì tí wọ́n ti ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, wọn ò tètè délé báyìí rí. Tíṣà ronú pé òun tún ti gba òdo nìyẹn: iná tó fi fẹ́ dá ọmọ dúró ti gé ìtàn ọmọ sí méjì. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti pa ẹ̀rọ.

"Ẹ má pa á," ni Ìlérí wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ dé ibi tí títì ọlọ́dà parí sí, ká padà wá."

"Moyọ̀sọ́rẹ ńkọ́?"

"Moyọ̀sọ́rẹ á wá ẹlòmíràn. Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ẹni tó jẹ ẹja ni àbí ẹ ò fẹ́ gbọ́?"

"Mò ń gbọ́."

Tíṣà yí alùpùpù padà sójú ọ̀nà, ó sì ń rọra lọ, bí ìgbà tí kò sí iná.