Ẹni Tí Yóò Wa Ọkọ̀ Bàbá

Ọ̀nà tí Àwẹ̀ró ti bá ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà Ìgbòho, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Ìgbòho náà ni. Àpáta ni gbogbo ilẹ̀, àpáta gbalaja, wọ́n sì sá láfún sórí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì débi pé funfun rẹ̀ ń wọni lójú. Ẹni tó sá a ò sí nítòsí. Kò sí ewúrẹ́ kankan nítòsí, ìyẹn gan-an ló sì kọ́kọ́ fu ú lára, torí ta ló máa sá láfún n'Ígbòho tí ewúrẹ́ ò ní í yọjú? Atẹ́gùn ń fẹ́, láfún ò sì gbéra nílẹ̀. Píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀ dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò dún.

Bàbá rẹ̀ náà rèé, ó ń fi àkísà nu gíláàsì iwájú ọkọ̀. Bàbá Láyíwọlá mẹkáníìkì, tí wọ́n ti sin lésìí, tí Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ bu yẹ̀pẹ̀ lé lórí! Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú ló wọ̀, ó sì ṣi bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ dè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Inú Àwẹ̀ró dùn, ó sáré tọ̀ ọ́ lọ.

"Bàbá!"

"Rọra," ni bàbá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí ọmọ ìkókó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo gbọ́ pé ọkọ̀ yìí ń ké."

"Ó ń ké, Bàbá. Kò jẹ́ kí n gbádùn rárá."

Ẹ jẹ́ kí n dá àlá yìí dúró díẹ̀, kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú ayé. Píkọ́ọ̀pù yẹn dàgbà ju Àwẹ̀ró lọ. Òun ni Bàbá fi ń bá àwọn ará oko kó iṣu wọ̀lú, òun náà ni Àwẹ̀ró ń fi jẹun di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bó bá wà lórí ọ̀dà tó dán, kẹ́kẹ́ pa. Kí táyà kan ṣáà já sí kòtò, kí èkejì wà lókè, kí ara ọkọ̀ lọ́ díẹ̀ báyìí, kẹ̀ẹ̀ẹ̀! Gbogbo àdúgbò á gbọ́. Àwẹ̀ró, tó jogún ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀, tí kò sì kẹ̀rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, ti pààrọ̀ gbogbo rọ́bà iwájú, ó ti fún gbogbo bóòtù, ó ti fi gíríìsì kun ibi tí gíríìsì ò dé rí látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Pàbó ló já sí. Ọkọ̀ ń ké lọ ràì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Dìpọ̀, ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Àwẹ̀ró, ṣáásì ló ń ké yẹn. Egungun ọkọ̀ ni. Ọjọ́ tó bá kán lọ́nà oko pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí, ìwọ lo máa wà nínú ẹ̀. Mo ti sin Bàbá. Mi ò ní í tún sin ẹlòmíì."

Ló bá lọ pe Súfíyánù wẹ́dà pé kó wá fi gáàsì gé ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ lọ́sàn-án, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá kó o. Ó ní àfi bí Àwẹ̀ró bá rí ibi tó ti ń ké kí wẹ́dà tó dé. Àwẹ̀ró sunkún, ó bínú, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òǹrorò, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé e lọ, lórí àpò sìmẹ́ǹtì, tòun ti sípánà lọ́wọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí àpáta.

Bàbá kò bi í pé kí ló ti ṣe, kí ni kò ṣe. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sídìí sítíárìn, ó fi ìdí tún tìmùtìmù ṣe, ó wá fi orí júwe ẹ̀yìn ọkọ̀ fún un.

"Bọ́ sẹ́yìn."

Ha! Orí Àwẹ̀ró wú. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láti kékeré rẹ̀ náà nìyẹn! Bí ọkọ̀ oníbàárà kan bá ń ké, Bàbá á máa wà á, Àwẹ̀ró á sùn gbalaja sẹ́yìn, á gbé etí lé irin, ibi tó bá sì ti gbọ́ ọ ni yóò ti fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a kí Bàbá dúró. Bàbá a máa yangàn fún àwọn oníbàárà pé etí ọmọ òun ń gbọ́ ìrìn èèrà.

Ó fò sẹ́yìn ọkọ̀, ó sùn, ó gbé etí lé e. Irin náà tutù, òórùn iṣu tuntun sì wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra. Ó ń yọ́ lọ lórí àpáta náà wọ́ọ́rọ́wọ́, láàárín láfún. Àwẹ̀ró lè rí ẹ̀yìn orí bàbá rẹ̀ nínú gíláàsì, kò sì fẹ́ kí ọ̀nà náà tán láéláé. Nígbà tó yá, Bàbá yà sí ibi tí àpáta ti là, táyà kan já wọlé, ara ọkọ̀ lọ́.

Kẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Abẹ́ ikùn Àwẹ̀ró gan-an ló ti ké! Ó gbá ọkọ̀ gbà gbà gbà. "Bàbá, ẹ dúró! Mo gbọ́ ọ! Mo gbọ́ ọ!"

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó fi àkísà olómi kẹrosín nu egungun ọkọ̀ náà, ó fi èyí tó gbẹ nu ún mọ́ tónítóní, ó bu láfún nílẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fẹ́ ẹ lu irin náà fùù. Ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn nígbà ayé rẹ̀. Bí irin bá ti sán, kẹrosín á ti sá wọ inú sísán náà. Bó bá yá, á yọ padà, á sì fa ìlà dúdú sórí funfun. Àwọn méjèèjì lóṣòó, wọ́n ń wò ó.

"Mo ti ṣe eléyìí náà, Bàbá," ni Àwẹ̀ró wí. "Mo fẹ́ láfún lu gbogbo iwájú ẹ̀, mi ò rí nǹkan kan."

"Níbo lo wà nígbà tó ń ké?"

"Ìdí sítíárìn."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀ sínú. "Ẹni méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìwọ ọmọ yìí."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń wà á, Bàbá. Ẹ ò ṣáà ti dé báyìí?"

"Mo ti wà á tó."

Àyà Àwẹ̀ró já. Ó dìde kíá, ó fẹ́ lọ ti ilẹ̀kùn ìdí sítíárìn tí Bàbá ṣí sílẹ̀, bí ẹni pé bó bá ti tì í, Bàbá ò ní í rọ́nà lọ. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná, ó sì le bó ṣe máa ń le.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. "Má tì í."

Àwẹ̀ró fẹ́ dáhùn, ariwo sì gbòde. Ọmọlanke tí Súfíyánù fi gbé àgbá gáàsì rẹ̀ ló ń wọ agboolé bọ̀ gbùràgbùrà. Àwẹ̀ró ta gìrì, ó fi iwájú orí sọ abẹ́ ọkọ̀ gbì! "Yéè!" Ó jí.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó di iwájú orí mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ibi tó ń ro ó nìkan. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbóná bí ẹni pé Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá ń yé e díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí ẹ̀dá alààyè kankan jókòó sídìí sítíárìn yẹn àfi òun. Òun ló ń wà á, òun náà ló ń dẹ etí. Ibi tó jókòó sí sì ni irin gígùn ṣáásì yẹn ń gbé igbe náà wá bá a, ló fi ń tú iwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ó yọrí jáde lábẹ́ ọkọ̀, epo kùn ún lójú, láfún wà nírun rẹ̀ láti àárọ̀. Súfíyánù fà sẹ́yìn. Dìpọ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Bọ̀dá Dìpọ̀! Ẹ wọlé, ẹ wá wà á!"

"Ta ni? Èmi?" Dìpọ̀ wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló ń pè. "Ìwọ tó o pariwo lé mi lórí lójú gbogbo ẹbí, pé mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀?"

"Ẹ má bínú. Mo bẹ̀ yín. Ṣé Bàbá kọ́ ló kọ́ yín ní ọkọ̀ wíwà? Ẹ wà á, kí èmi gbọ́ ọ!"

Dìpọ̀ wọlé jẹ́jẹ́ bí àlejò, ó gbọ́wọ́ lé sítíárìn, ó sì dorí kodò. Nígbà tó máa gbójú sókè, ó fi apá aṣọ nu ojú. "Eruku," ló wí. Ta ló bi í?

Àwẹ̀ró ti sùn sẹ́yìn. Dìpọ̀ yí i sí gọ́tà ẹnu ọ̀nà, táyà já, ara ọkọ̀ lọ́, kẹ̀ẹ̀ẹ̀! Àwẹ̀ró gbá a, gbà gbà gbà. Kì í ṣe ibi tó ti gbọ́ ọ lójú àlá rárá. Apá òsì ni, lápá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti de sípíríìnì mọ́ ṣáásì. Ó fò sọ̀ kalẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú kẹrosín. Láfún tí ìyàwó Dìpọ̀ fẹ́ rò jẹ náà ló bù fẹ́. Wọ́n dúró. Súfíyánù pàápàá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìlà dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó tín-ín-rín bí irun.

"Òun nìyẹn! Bọ̀dá mi, òun nìyẹn!"

Dìpọ̀ ti fi àyà wọ́ dé ibẹ̀ tòun ti aṣọ mímọ́ lọ́rùn. "Èyí tín-ín-tín yìí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni! Ẹ fi irin kan lé e, kí ẹ jó o pọ̀, ó parí!"

Dìpọ̀ yíjú sí wẹ́dà. "Súfíyánù, ṣé gígé nìkan lo mọ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá gé e," ni Súfíyánù dá a lóhùn. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo lè jó o pọ̀."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Dìpọ̀ gbọn eruku kúrò láyà, ó ti ń lọ sídìí sítíárìn padà. "Jó o kó le dáadáa o. Èmi ni mo máa wà á."

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ. Ó retí kó dun òun, kò sì dùn ún.