Àwọ̀ Mọ́tò Iolanda

Ohun kan péré ni Iolanda bẹ ọkọ rẹ̀ kó tó kú: kó bá òun dá mọ́tò eré-ìje kékeré tí bàbá òun fi sílẹ̀ padà sí àwọ̀ tó ní lọ́jọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́. Ermes bi í pé àwọ̀ wo nìyẹn. Iolanda rẹ́rìn-ín lórí ìrọ̀rí.

"Ìwọ lo máa ń sọ fún gbogbo ìlú Modena pé kò sí ọ̀dà tí ojú ẹ ò lè dá mọ̀. Máa wá a."

Ẹ̀rín yẹn tọ́ sí Ermes. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, bàbá Iolanda ló gbé mọ́tò náà fún un pé kó kùn ún ní pupa. Àwọ̀ aró ló wà lókè nígbà náà, ti ilé-iṣẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ermes da oògùn tó ń bó ọ̀dà lé e, ó fá gbogbo rẹ̀ dé irin, kò ṣẹ́ku èyí tí eṣinṣin lè bà lé. Akunmọ́tò gidi a máa wo ìpele kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣí. Ermes kò wo nǹkan kan. Ọmọbìnrin onímọ́tò ló gbé kọfí wá, ojú rẹ̀ sì wà lára ọmọ náà títí irin fi dán.

Nísinsìnyí tó ti darúgbó, tí ilé sì ti dá páropáro, ó wá ń wá ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá dànù.

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀dà ilé-iṣẹ́ kù sí: pátákó irin tó wà níwájú awakọ̀, níbi tí àwọn aago wà. Kò sẹ́ni tó kùn ún rí. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eyín erin. Ermes bọ̀wọ̀ fún irin yìí ju pẹpẹ ìjọ lọ. Kò nù ún, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kí ohunkóhun má baà yí padà lára rẹ̀. Ó ro ọ̀dà funfun, ó ń kán yẹ́lò sí i, ó ń kán dúdú díẹ̀ sí i bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ń gbé e lọ sójú fèrèsé lọ́sàn-án gangan, títí òun fúnra rẹ̀ kò fi mọ tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́ mọ́.

Nígbà tó kun mọ́tò náà tán, ó gbé e lọ síwájú ilé kọfí kí aráyé lè rí i. Dorando onígbàjámọ̀ jáde, ó yí i ká.

"Ó jọ eyín bàbá bàbá mi."

"Eyín erin ni wọ́n ń pè é, Dorando. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́."

"Eyín bàbá bàbá mi náà, wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́."

"Irùngbọ̀n lo mọ̀. Má bá mi dá sọ́rọ̀ ọ̀dà."

Ní Sunday tí wọ́n fẹ́ ṣe Mísà ìrántí ọdún kan Iolanda, Ermes fẹ́ fi mọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ìyàwó rẹ̀. Nives, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí wọn kò tíì bí nígbà tí bàbá wọn ra mọ́tò náà, ló fẹ́ bá a lọ. Ó wọ dúdú látòkè délẹ̀. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó wo pátákó iwájú náà, ó sì fa aṣọ ìnujú yọ.

"Bọ̀ọ̀dá Ermes, ìdọ̀tí nìyí o."

"Nives, má fọwọ́ kàn án. Àwọ̀ ilé-iṣẹ́ nìyẹn."

"Ilé-iṣẹ́ wo ló ń ta ìdọ̀tí?" Ó ti tutọ́ sí etí aṣọ náà, ó sì ti fà á kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Ìlà kan yọ lára irin, ó fẹ̀ tó ìka méjì. Funfun ni, funfun báláú. Aṣọ ìnujú Nives sì ti di àwọ̀ tíì. Ó gbé e súnmọ́ imú.

"Sìgá ni."

"Sìgá ta ni?"

"Ta ló ń wà á?"

"Iolanda ò mu sìgá. Mo ti kà á léèwọ̀ fún un látìgbà tá a ti fẹ́ra."

"Nínú ilé lẹ kà á léèwọ̀." Nives wò ó bí ẹni tí àánú àti ẹ̀rín jọ ń ṣe. "Bọ̀ọ̀dá, búrẹ́dì wo lẹ rò pé ó ń gbé mọ́tò yìí lọ fi wákàtí kan rà, nígbà tí oníbúrẹ́dì wà níkòríta?"

Ermes rò ó. Lóòótọ́, búrẹ́dì náà máa ń tutù kó tó délé. Ó ti bá oníbúrẹ́dì jà lórí ẹ̀ rí.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ojú tó fi ń yangàn ti wo èéfín sìgá, ó pè é ní eyín erin, ó pò ó, ó kùn ún lé irin lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì dán an. Ohun tó lé kúrò nínú ilé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn síta. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbá a mú, lẹ́yìn náà ẹkún.

"Ṣé ká wọ bọ́ọ̀sì ni?" Nives béèrè jẹ́jẹ́.

"Rárá. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ni èéfín. Jẹ́ ká gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fáwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí Dorando tóun náà wá síbẹ̀ má baà ṣáájú òun. Àlùfáà ní láti dúró kí àwọn ìlà ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín tán.

Lọ́jọ́ Ajé ó mú sánpépà. Ìlà fífẹ̀ ìka méjì yẹn ló fi ṣe àpẹẹrẹ, ó sì tó o. Nígbà tí mọ́tò náà di funfun tán bí ìyàwó rẹ̀ ṣe bẹ̀ ẹ́, Nives gbé omi ọṣẹ wá kó lè fọ ìyókù pátákó iwájú náà. Ermes ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀," ó ní. "Èyí tó kù, ti ẹ̀gbọ́n ẹ ni."