Lọ́ọ̀kì Tí Mo Bá Nílé Ọkọ

Ẹ jókòó, kí n sọ àlá tí mo lá lóru àná fún yín bó ṣe rí gan-an. N kò ní bu iyọ̀ sí i.

Ọkọ̀ ọkọ mi ni mo rí nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn, gbogbo gíláàsì wà ní pípadé, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ṣí. Mo tẹ rìmóòtù títí, ó kàn ń ké bí òròmọdìẹ. Màmá ń fi ìborùn fẹ́ ara wọn.

"Ọmọ mi, ooru yìí fẹ́ pa mí o," wọ́n ní.

Làmídì dé, ríwáyà tó máa ń tún iná ọkọ̀ wa ṣe. Bàtà ìyàwó ló wọ̀, funfun báláú. Mi ò bi í. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ fíùsì kan, ó gbé e sójú oòrùn. Fíùsì húkọ́.

"Èmi ò jó," fíùsì ní. "Ẹ lọ bi wáyà."

Wáyà wà níbi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara ọkọ̀. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ mí síwá sẹ́yìn," ó ní, "síbẹ̀ mi ò já. Ẹ lọ gbàwé àṣẹ lọ́fíìsì."

"Ọ́fíìsì wo?"

"Òun nìyẹn lókè."

Mo wòkè. Lóòótọ́, ọ́fíìsì kan ń léfòó lórí òrùlé wa, tòun ti tábìlì. Wáyà na ara rẹ̀ débẹ̀, mo sì dì í mú gun òkè.

"Ẹ rọra o, Ìyá Bísóyè," Làmídì ní, "kí iná má gbé yín."

Ọ̀gá ọ́fíìsì wọ táì. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin abiyamọ àtàtà, ẹ̀yin òdòdó tí ń tàn..."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, sà. Ìyá mi wà nínú ọkọ̀."

"A ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tìfẹ́tìfẹ́..." Kó tó parí gbólóhùn yẹn, ìwo ti yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ, ó ń jẹ ìwé àṣẹ tí mo wá gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣẹ́ òǹtẹ̀ kù fún mi."

Ó jẹ òǹtẹ̀ náà. Mo kí i pé ó kú oúnjẹ, mo sọ̀kalẹ̀.

Màmá ò fẹ́ ara wọn mọ́. Mo gbá ilẹ̀kùn: "Lọ́ọ̀kì! Lọ́ọ̀kì, ṣí jàre!"

Ohùn kan dáhùn nínú ilẹ̀kùn. "Ta ló ń pè mí lórúkọ? Ọdún wo lo wọlé ọkọ?"

"Ọdún kẹsàn-án rèé."

"Mo ti wà nílé yìí kí wọ́n tó gbé ọ wálé. Ṣé bí ìyàwó ṣe ń pe ẹni tó bá nílé nìyẹn?"

"Òótọ́ ló sọ," Làmídì ní. "Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi."

Ojú tì mí. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, gbogbo ọmọ ilé ni mo wá orúkọ fún, títí kan èyí tó ṣì ń rá. Mi ò rántí lọ́ọ̀kì.

"Ẹ má bínú, Adúmáadán."

"Irọ́. Ìpẹtà ló bò mí."

"Ìbàdí-Àrán."

"Èmi tí mi ò nídìí?"

Màmá ti gbórí lé gíláàsì. Ọ̀rọ̀ dídùn tán lẹ́nu mi, kò sì pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ẹ ṣílẹ̀kùn, Alágídí!"

Lọ́ọ̀kì bú sẹ́rìn-ín. "Èmi gan-an nìyẹn!" Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ká! Màmá sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Ni mo bá jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Màmá, tí wọ́n wá kí wa láti ọjọ́ Ẹtì, ń gbá ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láti inú. Ó ti há, wọn ò lè jáde. Mo sáré débẹ̀ láìwọ bàtà. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu wọn. Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn náà, mo tún fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá Bísóyè," mo ní, "ilẹ̀kùn yìí, ṣé ó ti wà níbí kí ẹ tó fẹ́ mi?"