Nínú Ilé Funfun

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi Irja nígbà tí wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn lọ́rùn, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Swídìn nítorí ogun, kí obìnrin kan níbẹ̀ lè bá wa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà sọ́dọ̀ wa, ó ti pé ọdún mẹ́jọ, kò sì gbọ́ èdè wa mọ́ rárá. Màmá, tó ti ń ka ọjọ́, kò gbọ́ èdè Swídìn. Ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ṣe ni wọ́n ń wo ara wọn bí àlejò.

Màmá kò jókòó sunkún. Ó sọ ara rẹ̀ di olùkọ́. Bí wọ́n bá ń fọ aṣọ létí adágún, á nàka sí nǹkan: "Vene, ọkọ̀ ojú omi. Vanha vene, ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó." Irja ń gbọ́ ìyẹn. Àmọ́ tó bá kan "nínú ilé aláwọ̀ eérú", ahọ́n rẹ̀ á kọsẹ̀. Lédè wa, ìrù ọ̀rọ̀ ni "nínú", ìyẹn "-ssa". Bí o bá so ó mọ́ ilé, o gbọ́dọ̀ so ó mọ́ àwọ̀ ilé náà pẹ̀lú.

"Harmaa talossa," ni Irja wí.

"Harmaassa talossa. Ọmọ mi, àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni. Ṣé wàá wọ bàtà sẹ́sẹ̀ kan, kó o fi ìkejì sílẹ̀ ni?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ kan!" ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Vieno, pa ẹnu ẹ dé!" ni Màmá fi bá mi wí.

Lọ́jọ́ kan tí yìnyín adágún ń yọ́, Màmá ń bẹ ànàmọ́, ó bi Irja pé kí ló ń wò lójú fèrèsé láti àárọ̀. Irja ò yíjú. Ó dáhùn wẹ́rẹ́: "Äiti on valkoisessa talossa." Ìyá mi wà nínú ilé funfun.

Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ilé tiwa kò sì funfun. Ẹnikẹ́ni ò kùn ún rí.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Màmá. Mo rò pé á pariwo.

"O sọ ọ́ dáadáa," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó jókòó tì í. "Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ńkọ́? Àwọ̀ wo ni?"

"Búlúù."

"Ìyá yẹn ńkọ́? Ṣé ó ga?"

"Kúkúrú ni. Ó sanra. Ọwọ́ ẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Tèmi máa ń tutù," ni Màmá wí.

Irja mú ọwọ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò tètè fi í sílẹ̀.

Màmá fúnra rẹ̀ ló ní kó kọ lẹ́tà sí obìnrin náà. Nígbà tí èsì dé, Irja túmọ̀ rẹ̀ fún wa díẹ̀díẹ̀. Ìyá ló ń pe obìnrin náà, Màmá kò sì dá a dúró. Nígbà tó parí, Màmá jáde lọ la igi ìdáná, ó sì pẹ́ kó tó wọlé.