Ọwọ́ Tí Mo Fi Kan Tetsuo

Ẹni tó bá fẹ́ kí Kuramochi Tetsuo sọ pé ara ń dun òun, agbọ̀n ló fi ń pọnmi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni èmi Hatano fi kọ́ ọ ní eré sísá, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba góòlù ilẹ̀ Japan nínú eré ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mítà, ó sì gba ti Éṣíà lẹ́ẹ̀kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, mo rí i tó ń tiro lọ síbi oúnjẹ.

"Tetsuo, ojúgun yẹn ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan, Ọ̀gá."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ bá ti ní kò sí nǹkan, àgbà kì í tú u wò mọ́. Mo bu ìrẹsì sẹ́nu, mo dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, ó wọ́.

Eré ọ̀já la fẹ́ sá ní Nagano, ìkẹyìn Tetsuo kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni mẹ́fà ní ń sá a. Ẹni tó bá parí tirẹ̀ á bọ́ ọ̀já lọ́rùn, á fi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọ̀já ẹgbẹ́ wa kò kùnà láti délé rí. Bí ẹni tó ń gbé e bọ̀ bá ṣubú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde. Bí ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ bá kàn án pẹ́rẹ́n, eré gbogbo ẹgbẹ́ parí nìyẹn.

Ó ku ọ̀ọ́dúnrún mítà kí Tetsuo parí tirẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Nígbà tó yá, ó ń rákòrò.

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo fi ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ orúnkún rẹ̀ ń kán sójú títì. Lẹ́nu ìlà níwájú, Inukai tó fẹ́ gba ọ̀já ń ké pè é: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀. Mo wà níbí o."

"Tetsuo, ó tó."

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí."

"Egungun ti ṣẹ́. Wọ́n á gé ẹsẹ̀ yìí."

"Tó bá dọ̀la, kí wọ́n gé e. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àádọ́ta mítà péré ló kù. Mo bẹ̀ yín."

Mo na ọwọ́, ó yí kúrò. Mo tún nà án, ó tún yí kúrò. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan lónìí, mi ò lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Ó dúró lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé àsíá pupa sókè, Inukai sì jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Tetsuo bọ́ ọ̀já, ó ká a dáadáa, ó gbé e sí iwájú mi. Ó kọjú sí títì tó sá wá, ó forí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí gbogbo sárésáré wa ṣe ń ṣe. Wọ́n gbé e sórí ibùsùn aláìsàn. Mo sáré tẹ̀ lé wọn.

"Tetsuo, ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Kò wo ojú mi.

"Kò sí nǹkan, Ọ̀gbẹ́ni Hatano."