Ọkọ̀ Ò Ní Lọ Lónìí

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà sọ pé ó dáa. Níbi tí mo wà yìí, omi pa lọ́lọ́."

Ohùn àbúrò obìnrin kan ń wọlé, ó ń já, lórí fóònù. Àárín òkun ni àbúrò yìí wà, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tún àwọn òpó gíga tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná ṣe. Ọ̀sán yìí ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ìyá àwọn méjèèjì, iṣẹ́ abẹ tí dókítà pàápàá ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ọkọ̀ tí yóò lọ kó àwọn òṣìṣẹ́ náà wálé ti wà létí omi, ṣùgbọ́n kò lè ṣíkọ̀ àfi bí ẹ̀gbọ́n yìí, tó ń wo ojú ọjọ́ fún iléeṣẹ́ wọn, bá ní kó lọ.

Ó tún tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè, ojú òkun ti ń hunjọ lọ́nà jíjìn. Ibi tí omi bá ti hunjọ bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn líle ló wà lórí ẹ̀. Bó bá ń bọ̀ tààrà, àárín ọ̀nà ni yóò ká ọkọ̀ náà mọ́. Atẹ́gùn náà sì lè yà gba ibòmíràn.

"Ìwọ là ń wò o," ọ̀gá rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ohun tóo bá sọ la máa ṣe. Mi ò dá sí i."

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

"Àbúrò mi, ọkọ̀ ò ní wá."

"Ṣé ìyá tiyín kọ́ ni?"

"Ìyá mi ni. Mi ò sì fẹ́ lọ sọ fún un pé omi gbé ọ lọ."

Àbúrò rẹ̀ ò dágbére tó fi pa fóònù.

Nígbà tí obìnrin náà dé ilé ìwòsàn, ewé kan ò mì lára igi inú ọgbà. Atẹ́gùn náà ti yà. Ọkọ̀ ìbá ti lọ, ìbá ti bọ̀.

Ìyá rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Àbíkẹ́yìn mi ńkọ́?"

Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀: ó lè ní ọkọ̀ ló bàjẹ́.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má lọ gbé e, Màámi. Atẹ́gùn ló bà mí lẹ́rù. Atẹ́gùn ọ̀hún ò sì wá mọ́."

Àwọn nọ́ọ̀sì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti bẹ́ẹ̀dì ìyá náà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó gbórí sókè díẹ̀.

"Má kúrò níbẹ̀ yẹn o. Bí mo bá jí, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ bá jà."

Wọ́n tì í wọlé. Obìnrin náà fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó jókòó.