Ọjọ́ Tí Káfíńtà Dá

“Ilé rẹ̀ ńkọ́?” ni oníṣòwò tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà bi Káfíńtà, ó sì ti nawọ́ sí àwọn àpótí irin dúdú tó tò sẹ́yìn rẹ̀.

“Ilé wo?” ni Káfíńtà dá a lóhùn. “Ilé ti wà ńlẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ.”

Oníṣòwò ní òun gbọ́, àmọ́ kí bàbá jẹ́ kí òun ṣàlàyé ohun tó máa ń bá àpótí tiwọn wá. Káfíńtà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ṣé ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbẹ́ igi ló máa wá fowó ra páànù tí wọ́n kùn lọ́dà? Ó fa fóònù yọ, ó fi àwòrán àpótí tó kàn han ọkùnrin náà: pákó tó fi ìfági fá, tó fi sáńpépà ha títí ó fi ń dán, tó sì lu ihò wẹ́wẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí atẹ́gùn lè rọ́nà gbà. Oníṣòwò wò ó, ó ní ó dára. Ó dára lóòótọ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ibi tó kù sí ni pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bàbá yìí fi ń dán àpótí lára, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ ku ọ̀la ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ra ohun tó máa gbé inú rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tí obìnrin náà ti ń tẹ̀wé láti ìgbà ọ̀dọ́ ti kógbá sílé, wọ́n fún un lówó ìdágbére, wọ́n ní ó dàbọ̀. Pẹ̀lú àárẹ̀ àti ẹ̀dùn ọkàn, ó wá iṣẹ́ mìíràn títí ó fi rí ọ̀kan: àwọn dókítà máa sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, òun á máa gbọ́ ọ, á sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde láti ilé ara rẹ̀. Wọ́n ní kó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á pe ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìlà. Ó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà àlòkù kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n Káfíńtà ní rárá, ohun tí ọwọ́ ẹni lè tò, kí ló dé téèyàn á fi rà á ní títò? Wọ́n ní ẹni tó bá to tirẹ̀ fúnra rẹ̀ á rí èyí tó lágbára jù lọ ní owó kan náà. Ìyàwó rẹ̀ kó owó náà lé e lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó ní nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ o. Ládùúgbò wọn, kò sẹ́ni tó ń pe Káfíńtà yìí lórúkọ. Ókùdíẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí oníbàárà bá bèèrè àga, ó kù díẹ̀. Bó bá bèèrè bẹ́ẹ̀dì, ó kù díẹ̀ náà ni, bẹ́ẹ̀ igi rẹ̀ ṣì lè wà nínú igbó. Àwọn èèyàn ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá fún un: ẹni tó bá fẹ́ lo tábìlì ní Sátidé á ní Ọjọ́rú lòun fẹ́ lò ó. Òun náà mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, wọ́n sì mọ̀ pé ó mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń bára wọn gbé ní ìrọ̀rùn nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pe Ọjọ́bọ̀, ó ti fi inú ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

“Ká kọ́kọ́ mú ìyá,” ni oníṣòwò wí. Ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan lé orí káńtà, ó ní ìyá pátákó ni, torí ara rẹ̀ ni gbogbo yòókù ń so mọ́. Káfíńtà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná kàn án, ó ní òun ò rí pákó kankan níbẹ̀. Oníṣòwò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá ṣáà rántí pé ìyá yìí kì í gba ọmọ ọlọ́mọ; ọpọlọ tí wọ́n bá rà, ìyẹn èyí tó ń bá kọ̀ǹpútà ronú, gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó bá ojú ihò rẹ̀ mu. Ìyẹn kò ṣòro fún káfíńtà láti lóye. Ẹni tó bá ti ki igi bọ ihò rí mọ̀ pé bí wọn ò bá bára mu, ariwo lásán ni òòlù ń pa. Wọ́n mú ìyá àti ọpọlọ ní àlòkù, àwọn méjèèjì tí wọ́n ti jọ gbé rí, pẹ̀lú fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ.

Oníṣòwò wá gbé káàdì àwòrán kan jáde, ó fẹ́ tó bíríkì, iná aláràbarà ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù, òun ni bàbá.

“Ọ̀rọ̀ dókítà ni ìyàwó mi fẹ́ tẹ̀,” ni Káfíńtà wí, “kì í ṣe ogun ló fẹ́ jà.”

Ọpọlọ tí wọ́n mú lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, nítorí náà wọ́n dá bíríkì padà. Mẹ́mọ́rì, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n fi àyè ìkejì sílẹ̀ de ọjọ́ tí ọwọ́ bá tún gbòòrò. Ibi ìpamọ́, wọ́n mú kékeré tuntun, oníṣòwò sì bá a fi gbogbo ètò tó yẹ sínú rẹ̀. Ó wá ku àpótí tó ń pín iná fún gbogbo wọn. Oníṣòwò gbé olówó pọ́ọ́kú kan fún un. Káfíńtà gbé e lọ́wọ́, ó rí i pé ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó sì dá a padà. Èèyàn lè dín owó kù lórí ilẹ̀kùn, lórí fèrèsé, àmọ́ kì í ṣe lórí igi tó gbé òrùlé dúró. Ó ní kí wọ́n fún òun ní tuntun tó wúwo. Wọ́n ná an, wọ́n fà á, wọ́n tún ná an. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ìgbà tí wọ́n parí, owó ọkọ̀ nìkan ló kù lápò rẹ̀. Ní ti ojú tí kọ̀ǹpútà á fi máa wo èèyàn, tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ á ṣe é.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti palẹ̀ tábìlì mọ́, ó ti tẹ́ aṣọ funfun lé e bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó kí i káàbọ̀, kò bèèrè ìdí tó fi pẹ́. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sílé ẹ̀kọ́ tó jìnnà, nítorí náà ilé dákẹ́. Obìnrin náà ń ka ìwé ìtọ́ni sókè, ọkọ rẹ̀ ń tò ó. Ibi tí ọpọlọ ti fẹ́ wọlé lẹ̀rù ti ba bàbá. Àwọn irin inú ihò náà tín-ín-rín ju irun orí lọ, ọwọ́ tirẹ̀ sì ti mọ òòlù jù. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ló ń wí fún ara rẹ̀. Ó gbé ọpọlọ lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó bọ́ sáyè fúnra rẹ̀. Mẹ́mọ́rì wọlé, ó dún kẹ́. Fáànù jókòó. Ìyá pátákó wọnú àpótí pákó, kò lé, kò dín, inú Káfíńtà sì dùn débi tó fi ń súfèé.

Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ki wáyà bọ ara ògiri. Wọ́n tan iná.

Kò sí nǹkan kan. Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan tàn lára ìyá pátákó, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ ó ń wò wọ́n. Fáànù ò mira. Tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Káfíńtà paná, ó tún un tàn. Ó tú mẹ́mọ́rì, ó dá a padà. Ó tú gbogbo wáyà, ó tún wọn so, òógùn ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó rántí ohun tí oníṣòwò wí pé wọn kì í gba àlòkù padà. Ó tún rántí pé òun fúnra òun lòun ní àlòkù á ṣe é. Ó gbìyànjú láti fi ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé ó ṣáà ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ò lè jí òkú.

“Mo ti ba owó ẹ jẹ́,” ó wí níkẹyìn.

Obìnrin náà kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ìbá rọ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó jókòó, ó káwọ́ lé itan, ó ń wo àpótí náà. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, “Bàbá wọn, níbo la ti ń tẹ̀ ẹ́?”

“Ká tẹ kí ni?”

“Bọ́tìnnì. Èyí tá à ń lò lọ́fíìsì ní bọ́tìnnì róbótó kan níwájú. Tá ò bá tẹ̀ ẹ́, kì í jí.”

Káfíńtà wo iwájú àpótí rẹ̀. Ó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Kò lójú, kò nímú, kò lẹ́nu. Kò sí ibì kankan tí èèyàn lè tẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ló bá pe oníṣòwò lórí fóònù. Ẹ̀rín lẹni náà kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Oníṣòwò ní ohun tóun fẹ́ sọ láàárọ̀ nìyẹn, tí bàbá ò jẹ́ kóun sọ: ara àpótí irin ni bọ́tìnnì máa ń wà, ara rẹ̀ ló ti ń wá. Ó ní kí wọ́n wo igun ìyá pátákó, wọ́n á rí irin tín-ín-rín méjì tí wọ́n kọ nǹkan sí nídìí. Ohunkóhun tó bá lè mú kí méjèèjì fara kanra, kí wọ́n sì tún kúrò lára ara wọn, á jí i.

Kó tó pa fóònù, ìyàwó rẹ̀ ti lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó padà wá pẹ̀lú bọ́tìnnì agogo tó wà lára férémù ilẹ̀kùn, ó ti fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tú u. Agogo ọ̀hún ti yadi láti ìgbà tí wọ́n ti kó débẹ̀; ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn náà ló máa padà kàn. Ọkọ rẹ̀ gba bọ́tìnnì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lu ihò kan sí iwájú àpótí tó ń dán, ó fi bọ́tìnnì sí i, ó we wáyà rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin tín-ín-rín náà, ó sì ní kí ẹni tó lowó wá tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ wọlé,” ló bọ́ lẹ́nu Káfíńtà.

Fáànù yí. Ó yí díẹ̀, ó dúró bí ẹni tó ń ronú, ó tún wá yí lọ ràì. Tẹlifíṣọ̀n tàn. Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò nù ún. Ara tù ú wọ̀ọ̀. Owó ò sọnù. Òkú kọ́ ló rà. Ìyàwó rẹ̀ ti fa àga, ìka rẹ̀ ti ń lọ lórí bọ́tìnnì lẹ́tà tó yá lọ́wọ́ ará ilé kejì, ìró rẹ̀ ń dún tó-tó-tó bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí páànù.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó lè bèèrè ohun tó wà níkùn rẹ̀. “Ìyá wọn, ó ti parí báyìí. Sọ òtítọ́ fún mi. Ìgbà wo gan-an ni wọ́n ní kó o bẹ̀rẹ̀?”

“Ọ̀la.”

“Rárá, ọjọ́ tòótọ́ ni mò ń wí.”

Ìka obìnrin náà dúró. Ó yíjú sí i. “Ọ̀la ni, Bàbá wọn. Ọjọ́bọ̀ ni mo sọ fún yín lọ́jọ́ tí mo kówó fún yín, Ọjọ́bọ̀ náà ni. Àbí oníbàárà yín ni mí ni?”

Ara Káfíńtà tutù. Ó rí bí iṣẹ́ náà ṣe súnmọ́ etí bèbè tó lọ́sàn-án, nígbà tóun ń súfèé. Onílé ń purọ́ ọjọ́ fún un, ọ̀gá ilé ìwé ń purọ́ ọjọ́ fún un, àní ìyá tó bí i lọ́mọ purọ́ ọjọ́ fún un nígbà tó fẹ́ gba àpótí ìjókòó. Obìnrin tó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ, tó ń sùn tó ń jí pẹ̀lú Ókùdíẹ̀, kó gbogbo owó rẹ̀ fún un, ó sì sọ ọjọ́ náà bó ṣe jẹ́. Kò fi ọjọ́ kan pamọ́. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà ló pọ̀ jù.

Ìyàwó rẹ̀ tẹ orí sẹ́yìn àpótí, níbi tí ọkọ rẹ̀ kò tíì bò, tí gbogbo wáyà ti ń wo ìta. “Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa bò ó?”

“Ọ̀la” ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó ro iṣẹ́ àwọn oníbàárà tó wà nílẹ̀, ó ro ilẹ̀kùn ilé ìwé, ó ro bẹ́ẹ̀dì àwọn tọkọtaya tuntun, ó ro pákó tí kò tíì gbẹ.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀,” ó wí. “Ní ìrọ̀lẹ́.”

“Ó dáa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun,” ni obìnrin náà wí, ó sì padà sídìí ohun tó ń tẹ̀.